Òṣómàáló Níwájú Ọ́fíìsì Ilé

Bàbá bàbá mi ṣe òṣómàáló.
Ó gbé aṣọ àwìn dé Ìlọrin, ó gbé e dé Bídà.
Bí oṣù bá pé, tí onígbèsè ń yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé,
bàbá á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, á fi ẹsẹ̀ di ilẹ̀ mú:
"N ò ní dìde, àfi bí mo bá gbowó mi."

Èmi náà ti lóṣòó láti aago méje àárọ̀
níwájú ọ́fíìsì ilé gbígbé l'Ókèṣà,
lábẹ́ igi máńgòrò tí kò so lọ́dún yìí.
Ṣùgbọ́n èmi ò tajà àwìn fún ìjọba.
Kí ni mo fẹ́ sọ pé wọ́n jẹ mí?

Òjò ló lé mi wá.
Páànù ilé Bàbá Arówóṣayé ti lu jára bí ajọ̀;
bí ojú ọ̀run bá ṣú, a ó to abọ́ sílẹ̀,
bàsíà, ìkòkò, búùtà tí ẹnu rẹ̀ ti ya,
Ìbídùn ọmọ mi á máa ka ẹ̀kán omi títí oorun á fi gbé e lọ.
Ó ka ẹgbẹ̀rin lálẹ́ ọjọ́ kan.
Lóṣù Ẹrẹ́nà, bàbá onílé fi owó lé owó ilé.
Mo ní, "Bàbá, òrùlé ńkọ́?"
Ó ní, "Kì í ṣe òrùlé lò ń sanwó fún, ilẹ̀ ni."

Rédíò ló kéde rẹ̀: ogójì ilé, lọ́nà Akúrẹ́,
owó pọ́ọ́kú, fún mẹ̀kúnnù.
Mo gbọ́ orúkọ mi, mo dìde.

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni fọ́ọ̀mù.
Ó béèrè nọ́ńbà ilé mi. Ilé ẹ̀yìn ilé ni, kò ní nọ́ńbà;
mo kọ ọ́ pé: "Ẹ béèrè Ìyá Ìbídùn aránṣọ nídìí ẹ̀rọ omi, n'Ísọ́kùn."
Ó béèrè ìwé owó orí ọdún mẹ́ta,
ó béèrè oníduuró tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, tí kò tíì fẹ̀yìn tì.
Ẹyọ kan tí mo mọ̀ nínú wọn
ni tíṣà tó jẹ mí lówó ìránṣọ ṣòkòtò méjì.
Ó fọwọ́ sí i. Mo fi ṣòkòtò méjèèjì jì í.

Ó béèrè iye tó ń wọlé fún mi lóṣù.
Òtítọ́ ni mo kọ.
Ọ̀gbẹ́ni Fátúbàrín yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún ìwé wò,
ó rọra sọ ọ́ bí ẹni ń túfọ̀:
"Màmá, owó yín ò tó ti mẹ̀kúnnù."

Ẹ gbà mí! Àṣé mẹ̀kúnnù pàápàá ní àtẹ̀gùn,
èmi ò sì tíì gbẹ́sẹ̀ lé ìpele àkọ́kọ́.
Kí ni wọ́n ń pe ẹni tó wà nísàlẹ̀ mẹ̀kúnnù?
Ó rẹ́rìn-ín; kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín.
Ó fi bírò tirẹ̀ kọ ọ́ pé ẹbí mi á máa ràn mí lọ́wọ́,
ó sì fún mi ní nọ́ńbà: ọ̀ọ́dúnrún lé mẹ́tàdínlógún.
Ogójì ilé.
Mi ò mọ ìṣirò púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ aṣọ:
ọ̀pá márùn-ún ò lè bo agbo ilé.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gun ọ̀kadà lọ wò wọ́n.
Ewúrẹ́ ti kó wọlé ṣáájú wa; àwọn ò kọ fọ́ọ̀mù.
Ọ̀dà ara ògiri ṣì ń rùn. Páànù ń dán yanran.
Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì,
mo fa tépù yọ lọ́rùn, mo wọn fèrèsé ilé kẹtàdínlógún:
ínṣì méjìdínláàádọ́ta níbùú,
méjìlélógójì lóròó.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì.

Ọjọ́ Ajé rèé, mo tún ti dé.
Fátúbàrín ní kí n máa lọ sílé, wọn á pè mí.
Ilé wo?
Mo ká ìró mi sókè díẹ̀, mo lóṣòó.